Ẹ Gba Fóònù Yín Lọ́wọ́ Ọmọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú fóònù yín dání. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan bá yín dì í mú. Ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kó wà títí a ó fi parí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó ní Nàìjíríà tí náírà di ọ̀wọ́n gógó, àwọn oníbàárà màmá mi tó ń ta èlùbọ́ n'Ìbàdàn ò rí owó mú wá sọ́jà mọ́. Tiransífà ni gbogbo wọn ń ṣe. Màmá ní fóònù ńlá lóòótọ́, àmọ́ ká fi gbé ìpè nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí oníbàárà bá ti ní òun ti sanwó, wọ́n á na fóònù sí ọmọ ìsọ̀ kejì: "Bá mi wò ó, ṣé ó ti wọlé?" Kò pẹ́ tí èèyàn mẹ́ta fi mọ PIN wọn. Lọ́jọ́ kan, owó ọjà odindi ọ̀sẹ̀ kan pòórá nínú àkáǹtì. Títí dòní, a ò mọ ẹni tó kó o.

Ó dùn mí gan-an, torí pé wọ́n ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ pé kí n kọ́ àwọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá gba fóònù, màá tẹ̀ ẹ́ kíákíá, màá ní, "Ó ti parí, Màámi." Kí ni wọ́n fẹ́ rí kọ́ nínú ìyẹn? Ẹ̀yin ọmọ tó ń wo fídíò yìí, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ òbí yín, ẹ káwọ́ sẹ́yìn. Ẹ fi ẹnu júwe, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́.

Ó yá, orí ìka la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti lo fóònù tọ́ọ̀ṣì rí, èyí tó ní bọ́tìnnì. Ìyẹn fẹ́ kéèyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́. Èyí ò fẹ́ agbára rárá. Iná mànàmáná fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Bí awọ ara èèyàn bá ti kàn án, iná yẹn á yí padà lójú ibẹ̀, fóònù á sì mọ ibi tí ẹ fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí èékánná kì í fi í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ọwọ́ tútù sì máa ń dà á láàmú. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹran tán, ẹ nu ọwọ́ gbẹ ná.

Ẹ wo ìka mi báyìí. Mo kàn án, mo gbé e kúrò, bí ìgbà téèyàn ń yẹ áyọ́ọ̀nù wò bóyá ó ti gbóná. Bí a ṣe ń ṣí nǹkan nìyẹn. Bí mo bá gbé ìka lé e tí mi ò tètè gbé e kúrò, nǹkan mìíràn ló máa yọjú. Ibí yìí gan-an ni àwọn àgbà ti máa ń bẹ̀rù: wọ́n fẹ́ ṣí WhatsApp, ìka wọn pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kan yọ síta, wọ́n ní fóònù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ìka ló pẹ́.

Bí ẹ bá ṣìnà, ẹ wo ìsàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, àmì kékeré kan wà níbẹ̀ tó dà bí orí ọfà tó kọjú sí òsì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, á dá yín padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ tún un tẹ̀ títí ẹ ó fi padà sí ojú fóònù tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ẹ ṣí nǹkan tí ẹ ò mọ̀ rí, kí ẹ sì padà.

Bí lẹ́tà bá kéré lójú yín, ẹ lọ sí Settings, kí ẹ wá Display, lẹ́yìn náà Font size, kí ẹ fà á kó tóbi. Ìwọ̀nba ìyẹn ti tó.

Ohùn ló kàn, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí pé kò béèrè ìwé kíkà. Ẹ ṣí orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Gbohùngbohùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má gbé ìka kúrò, ẹ máa sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹ bá gbé e ló lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì yín lẹ́nu, ẹ má tíì gbé ìka, ẹ fà á sí òsì, á parẹ́.

Láti mọ iye owó ìpè tó kù, ẹ tẹ *310#. Fún détà, *323#. Láti ọdún 2023, bákan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Álàátì orí ọ̀rọ̀ ránńpẹ́ kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Inú áàpù báńkì ni kí ẹ ti wo iye tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ọjà fún èèyàn. Bí ẹnìkan bá sì pè yín pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, pé kí ẹ bá òun kà á, irọ́ ni. Kọ́kọ́rọ́ WhatsApp yín tàbí ti owó yín ló ń tọrọ. Kó dà bó jẹ́ ohùn àbúrò yín lẹ gbọ́, ẹ má kà á.

Màmá mi ní ìwé kékeré kan báyìí. Wọ́n ya àwòrán gbohùngbohùn síbẹ̀, wọ́n fa ọfà sí i, wọ́n kọ ọ́ lọ́wọ́ ara wọn pé, "Má gbé ìka." PIN tuntun ò sí nínú ìwé yẹn, orí ni wọ́n há a sí. Ohùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Ariwo ọjà ló kún inú rẹ̀, ohùn wọn sì wà láàárín: "Ọmọ mi, ṣé ò ń gbọ́ mi?"