Ẹ Fún Un Kó Tó O: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Àsàláàmù àlékùm wàráhmátùlláhì wàbárákátù.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, a kú Jímọ̀ o. Ọpẹ́ ni fún Allāhu. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sàráà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá èyí tí à ń ṣe fún àwọn obìnrin àárín wa. A máa ń ṣe é, kò sẹ́ni tó lè bá wa jiyàn. Bí Ràmàdáánì bá ti wọlé, ìrẹsì á jáde, òróró á jáde, àwọn opó á tò sẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, a ó yà wọ́n ní fọ́tò, a ó sì gbé e sórí WhatsApp. Kó tó di ìtúnu ààwẹ̀, ìrẹsì ti tán. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn opó yẹn náà la ó tún bá lórí ìlà. Kí ló dé tí orúkọ wọn kì í kúrò nínú ìwé wa?

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá alákàrà. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ẹ̀wà kóńgò kan àti òróró ìgò kan lọ, bó sì ṣe ń rà á lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó lágbára láti ra ẹ̀wà àpò àti òróró kẹ́ẹ̀gì rà á pọ́ọ́kú. Ìyá yìí tí kò ní, òun ló ń rà á lọ́wọ̀n-ọ́n. Èrè tí ì bá kó sápò ti bá kóńgò àti ìgò lọ. Bí ara ọmọ bá wá gbóná lóru ọjọ́ kan, owó ẹ̀wà ọ̀la ló máa fi ra oògùn, bílẹ̀ bá sì mọ́, ó di kó lọ yá owó èlé tí à ń pè ní kómúlélántà. Gbogbo wa la mọ owó yẹn. Ọ̀sẹ̀ kì í yẹ̀ tí wọn kì í wá gbà á. Bí kò bá pé, àwọn agbowó á jókòó ti agbada àkàrà, wọn á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

A máa ń ṣe wáàsí lórí ríbà, ìyẹn owó èlé, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí Allāhu ti ṣe é léèwọ̀ nínú Sūratul-Baqarah, ẹsẹ 275. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ 280 mọ́ ọn. Ó ní bí ajigbèsè bá wà nínú ìnira, ká fún un láyè títí nǹkan yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, bí a bá sì fi ta á lọ́rẹ, ìyẹn ló dára fún wa jù. Ta ni ìyá alákàrà máa rí tí yóò yá a lówó láìgba èlé, bí kì í bá ṣe àwa tí a jọ ń kírun?

Lórí ọ̀rọ̀ sàká, ọrẹ tó jẹ́ ọ̀ranyàn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ kan wá láti ọ̀dọ̀ Sayyidina Umar, ẹni kejì tó jẹ olórí àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, pé: bí ẹ bá fẹ́ fún èèyàn, ẹ fún un títí tí kò fi ní jẹ́ aláìní mọ́. Imāmu Nawawī, àgbà nínú àwọn onímọ̀ Ṣáfíì, ẹni tó papò dà ní ọdún 676 lẹ́yìn Híjírà, tú u palẹ̀ síwájú sí i. Ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́, irinṣẹ́ ni kí wọ́n fi rà fún un. Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́jà, owó òwò ni kí wọ́n fún un, bí ọjà rẹ̀ bá ṣe ń gba owó sí. Ó fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀: ẹni tó ń ta ewébẹ̀, dírhámù (owó fàdákà ayé ìgbà yẹn) 5 tàbí 10, ẹni tó ń ta òkúta iyebíye, dírhámù 10,000. Ẹ gbọ́ o! Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, láti inú sàká, fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn àgbà yẹn ò bẹ̀rù pé tálákà máa lówó jù. Àwa tí à ń yọ ìdá kan nínú ogójì owó wa, a tún ń gé e wẹ́wẹ́, kí orúkọ àwọn tó gbà á lè gùn nínú ìròyìn tí a ó kà.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí ọmọbìnrin bá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ parí. A ó ṣe òmìnira fún un, ọ̀gá á gbàdúrà, ẹbí á dá aṣọ, wọn á gbé jọ́lọ́ọ̀fù kalẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, kò ní maṣíìnì. Gbogbo iṣẹ́ tó fi ọdún gbáko kọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí tí ẹnì kan á fi sọ pé ẹ jẹ́ ká kúkú wá ọkọ fún un. Owó aṣọ ẹbí wòlímọ̀ kan péré nínú mọ́sáláṣí wa, ẹ bá mi ṣírò maṣíìnì tó máa rà. Ànábì (SAW) ní ẹni tó bá tọ́ ọmọbìnrin méjì títí wọ́n fi dàgbà, òun àti onítọ̀hún yóò súnmọ́ra lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ pọ̀. Inú hádíìsì Muslim ló wà.

Ẹ má ro pé ọwọ́ ọkùnrin nìkan ni irú oore yìí ti ń wá. Zaynab ọmọ Jahsh, ìyàwó Ànábì, iṣẹ́ awọ ló ń ṣe: á fọ awọ, á rán an, owó tó bá rí níbẹ̀ á fi ṣe sàráà. Nílé wa níbí, ẹ rántí Alhaja Humuani Alága, oníṣòwò aṣọ n'Ìbàdàn. Lásìkò tiwọn, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ti ìjọ Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Mùsùlùmí mìíràn sì ní láti gba orúkọ tuntun kó tó wọlé. Wọ́n kọ̀ láti gba ọmọbìnrin Alhaja sílé ẹ̀kọ́ kan nítorí pé Mùsùlùmí ni. Alhaja ò jókòó sunkún. Lọ́dún 1958, wọ́n pe obìnrin mọ́kànlá mìíràn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1964, wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Ó wà n'Ìbàdàn títí di òní. Obìnrin méjìlá! Mọ́sáláṣí tí kò ní ju obìnrin méjìlá lọ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọlọ́hun kó fi Alijanna kẹ́ àwọn tó ti lọ nínú wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn. Wọ́n ń sọ pé bí obìnrin bá lówó lọ́wọ́, kò ní gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu mọ́. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀: bí a bá ti fún ìyàwó lówó òwò láàárọ̀, ọkọ á ti gbà á kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́hun sọ nínú Sūratun-Nisāi, ẹsẹ 32, pé àwọn ọkùnrin ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí, àwọn obìnrin náà sì ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ rí. Zaynab ìyàwó Abdullahi ọmọ Masūd wá bi Ànábì bóyá òun lè fi owó òun ṣe sàráà fún ọkọ òun àti àwọn ọmọ òrukàn tó wà lọ́dọ̀ òun. Ànábì ní ó lè ṣe é, láádá méjì ló sì máa gbà níbẹ̀, láádá ìbátan àti láádá sàráà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé tọkọ ni owó náà tẹ́lẹ̀, báwo ló ṣe máa fi í ṣe sàráà fún un? Nítorí náà, bí mọ́sáláṣí bá fẹ́ fúnni lówó òwò, orúkọ obìnrin náà gan-an ni kó wà lórí àkáǹtì.

Ó ku ti ìgbìmọ̀ sàká. Ní ọ̀pọ̀ mọ́sáláṣí, bàbá nìkan ló ń jókòó síbẹ̀. A mọ Ìyá Àdínnì bó bá di ọjọ́ ìkówójọ, ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ tí a ó pín owó, a ò rántí wọn mọ́. Ní Hudaybiyyah, nítòsí Mẹ́kà, ọdún kẹfà lẹ́yìn Híjírà, Ànábì pàṣẹ kí àwọn sàábé pa ẹran wọn, kí wọ́n sì fárí. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó wọlé tọ Ummu Salamah, ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un. Ìyá wa ní kó jáde, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ pa tirẹ̀, kó sì fárí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ni gbogbo wọn bá dìde.

Àwọn ìyá àsálátù ló mọ opó tó ti ń ta aṣọ àpótí rẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n mọ ẹni tí kómúlélántà ti lé kúrò ládùúgbò, wọ́n sì mọ ẹni tó ń tò sórí ìlà tí kò kúkú ṣaláìní. Bí ẹ bá ń yan ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìrun òní, ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ sì fi ìwé orúkọ lé wọn lọ́wọ́.

Wàssálámù àlékùm.