Oògùn aràn tó wọ ẹ̀wù nano: ibi tí kòkòrò ń gbé lọ̀rọ̀ wà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa l'Ábújá àti Òkè Ọya lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Gwagwalada, ẹ ti rí àwọn ọmọ tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Usuma, irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àtọ̀sí ajá, kòkòrò ẹ̀ á jáde lára ìgbín inú omi, á gba awọ ara wọlé, á di aràn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tó bá yá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀.

Praziquantel loògùn ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ o. Wàhálà ẹ̀ ni pé ó korò burúkú, kì í fẹ́ yòrò nínú omi, èyí tó bá sì ráyè wọlé, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ ba èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí aràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pa, àwọn tó ti dàgbà ló mọ̀.

Nano wá ńkọ́? Wọ́n kàn di oògùn sínú hóró ọ̀rá tó kéré débi pé irun orí kan nípọn tó bí 1,000 ẹ̀ ni.

Ó sì ti ṣiṣẹ́ níbòmíì. AmBisome ni oògùn kan tí wọ́n dì sínú hóró ọ̀rá bẹ́ẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1997 fún kala-azar, àìsàn kan tí kòkòrò tí ojú ò lè rí máa ń fà. Oògùn inú ẹ̀, amphotericin B, tí wọ́n bá fún èèyàn láìdì í sínú ọ̀rá, kíndìnrín ló máa ń bá jà. Ṣùgbọ́n inú àwọn sójà ara gan-an ni kòkòrò kala-azar ń sá pamọ́ sí, nínú ẹ̀dọ̀ àti mùdùnmúdùn eegun, àwọn sójà yìí sì lọ́kánjúwà, hóró tó bá ti ń kọjá ni wọ́n ń gbé mì, bí wọ́n bá ti gbé AmBisome mì báyìí, oògùn ti bá ọ̀tá nínú yàrá nìyẹn! Ní Íńdíà, dírípù ẹ̀ẹ̀kan péré ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn, ní Sudan wọ́n nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Aràn àtọ̀sí ajá ò gbé inú sójà ní tiẹ̀, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìtọ̀ ló fìdí kalẹ̀ sí. Torí ẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá níbí ni kí praziquantel yòrò dáadáa, kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀, kó sì pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Lára eku, ó ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pọ́ọ́kú, ó sì gbọ́dọ̀ fara da ooru, AmBisome ò gbọdọ̀ kọjá 25°C, ẹ wá ro Kánò lóṣù kẹrin wò ná.

Tí ọmọ yín bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lónìí, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, praziquantel lásán náà ni wọ́n máa fún un, 40 mg fún kílò kan ìwọ̀n ara ẹ̀, kó sì jẹun sí i.