Ta Ni Kó Ju Bọ́ọ̀lù Yìí? Ìpinnu Máníjà Nínú Fíìmù Baseball

Ẹ káàbọ̀. Ìparí fíìmù Major League, tó jáde ní 1989, la ti máa bẹ̀rẹ̀. Cleveland àti Yankees ṣì ń ta ọ̀mì, 2 sí 2, ní abala kẹsàn-án, tí í ṣe abala ìkẹyìn. Àwọn ọmọ Yankees ti kún ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń gbà kọjá kí wọ́n tó wọlé gba ayò, Clu Haywood sì ti mú kóńdó dání, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù. Máníjà Cleveland bá jáde, ó ní kí Ricky Vaughn wá gba iṣẹ́ jíjù. Bẹ́ẹ̀, Haywood yìí kan náà ti gbá bọ́ọ̀lù Vaughn kọjá ògiri pápá rí! Máníjà mọ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé tọ̀tẹ̀ yìí, Vaughn á borí. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ń fò bí ọta ìbọn. Haywood gbá òfo, wọ́n lé e padà. Ariwo sọ.

Ìran yẹn máa ń wú mi lórí nígbàkigbà tí mo bá wò ó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ ìpinnu náà wò. Nínú baseball, bí ajubọ́ọ̀lù bá ju mẹ́rin tó yà kúrò lójú ọ̀nà, tí oníkóńdó ò sì gbá wọn, oníkóńdó á rìn lọ sí ibùdó kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ibùdó bá sì ti kún, ẹni tó wà ní ìkẹta á wọlé, ayò nìyẹn. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà ni máníjà gidi máa ń wá. Ọwọ́ Vaughn ń ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, àfìgbà tí wọ́n tó fún un ní awò ojú.

Fíìmù tún máa ń fo fóònù tí wọ́n fi ń pe ajubọ́ọ̀lù tó kàn dá. Kò sẹ́ni tó lè fi apá tútù ju bọ́ọ̀lù tó yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ti máa ju bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n ti ń gbára dì, kí apá rẹ̀ lè gbóná. Ìyẹn ni pé máníjà ti ní kí wọ́n pe ibẹ̀ kí wàhálà tó dé. Ẹni tó bá sì ti jáde ò lè padà wọlé mọ́, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Lójú tèmi, Bull Durham, ti 1988, ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Ron Shelton tó kọ ọ́, tó sì darí rẹ̀, ti fi baseball ṣiṣẹ́ jẹun rí ní àwọn líìgì kéékèèké. Ahánbọ́ọ̀lù, ìyẹn ẹni tó ń lóṣòó sẹ́yìn oníkóńdó, ló máa ń fi ìka ṣe àmì irú bọ́ọ̀lù tó yẹ. Nínú fíìmù náà, Nuke, ọ̀dọ́ tí apá rẹ̀ le àmọ́ tí etí rẹ̀ di, ń mirí pé òun ò gbà. Crash, àgbà ahánbọ́ọ̀lù, bá sọ fún oníkóńdó irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀. Ìyẹn gbá a lọ réré. Títú àṣírí bẹ́ẹ̀, ti fíìmù nìyẹn. Àmọ́ iyàn lórí àmì, òtítọ́ pọ́ńbélé ni, torí ahánbọ́ọ̀lù ló ń wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ oníkóńdó nítòsí. Lónìí, àyè iyàn náà ti dín kù. Láti 2022, wọ́n lè tẹ àmì sórí ẹ̀rọ PitchCom kó dún sétí ajubọ́ọ̀lù. Láti 2023, ìṣẹ́jú àáyá 15 péré ni ajubọ́ọ̀lù ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù bí kò bá sẹ́nì kan lórí ibùdó.

Ohun tó ń dùn mí ni bí fíìmù ṣe ń dájọ́. Ìpinnu tó bá yọrí sí ayọ̀ nìkan ló ń pè ní ọgbọ́n. Ẹ wo World Series, ìyẹn àṣekágbá ọdún, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 2020. Tampa Bay ń na Dodgers 1 sí òdo. Blake Snell, ajubọ́ọ̀lù Tampa Bay, ti ju bọ́ọ̀lù 73 péré, ó ti lé oníkóńdó 9 padà lọ́wọ́ òfo. Àwọn mẹ́ta tó ṣáájú ìlà Dodgers ti dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì-méjì, ó lé wọn padà lẹ́ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà. Síbẹ̀, Kevin Cash, máníjà rẹ̀, yọ ọ́ ní abala kẹfà, nítorí ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé tí oníkóńdó bá rí ajubọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ti mọ́ ọn. Nick Anderson wọlé rọ́pò rẹ̀, Mookie Betts ti Dodgers gbá tiẹ̀, ó dé ibùdó kejì, Dodgers gba ife, 3 sí 1.

Ní oṣù kẹwàá 2003, Grady Little, máníjà Boston, ṣe ohun tí fíìmù ń yìn. Ó ti rẹ Pedro Martínez, ajubọ́ọ̀lù rẹ̀, ní abala kẹjọ, Boston sì ń na Yankees 5 sí 2. Little lọ bá a, wọ́n sọ̀rọ̀, ó fi í sílẹ̀. Yankees bá a dé 5 sí 5, Aaron Boone ti Yankees sì parí ọ̀rọ̀ ní abala kọkànlá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Little.

Ọ̀kan gbọ́ ti ìṣirò, èkejì gbọ́ ti ọkàn, àwọn méjèèjì ló jẹ èébú. Ìdí tí Cash ní dára. Àmọ́ ká ní èmi ni, màá jẹ́ kí Snell dojú kọ Betts lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú For Love of the Game, ti 1999, wọ́n fi ajubọ́ọ̀lù ẹni 40 ọdún sílẹ̀ tòun ti apá tó ń ro ó, títí tó fi lé oníkóńdó 27, iye tó ń parí eré, padà láìsí ẹni tó dé ibùdó. Ó ń fẹ̀yìn tì, apá yẹn ò níṣẹ́ lọ́la mọ́.

Ti Clayton Kershaw, ajubọ́ọ̀lù Dodgers, níṣẹ́ lọ́la. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2022, ní Minnesota, ó ti lé 21 padà tẹ̀lératẹ̀lé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù 80. Ó ku 6. Àmọ́ apá rẹ̀ ti ṣèṣe ní ìparí sáà tó ṣáájú, sáà tuntun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dave Roberts, máníjà rẹ̀, yọ ọ́, Kershaw fúnra rẹ̀ sì fara mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ní 2025, kò tíì lé 27 padà bẹ́ẹ̀ rí.