Ọmọ Tó Ń Bo Àṣírí Ìyá: Ìtúpalẹ̀ Fíìmù Kúkúrú Wasp

Ẹ ti wo Wasp (ìyẹn ni agbọ́n) tán báyìí, mo sì ti ń gbọ́ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ Zoë, ìyá inú rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi Zoë sílẹ̀ ná. Kelly, àkọ́bí rẹ̀, ni mo fẹ́ ká wò.

Andrea Arnold ló ṣe Wasp lọ́dún 2003, ní Dartford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀. Kò gùn tó ìdajì wákàtí, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Oscar lọ́dún 2005. Zoë ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin, kò sì lówó lọ́wọ́. Ṣúgà inú àpò ni àwọn ọmọ ń lá nílé. Ó pàdé Dave tó ti mọ̀ tipẹ́. Dave bi Zoë bóyá ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, Zoë ní rárá o, òun ń bá ọ̀rẹ́ òun mójú tó wọn ni. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó kó wọn dé ilé ọtí, ó fi wọ́n síta, ó wọlé lọ bá Dave.

Àwa Yorùbá lè tètè béèrè pé kí ló wá burú. Ta ni ò pọ̀n àbúrò rí nínú wa? Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa pọnmi, a gbálẹ̀, a bọ́ àbúrò kí a tó lọ iléèwé, a sì tún ráyè ṣeré. Iṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń sọ Kelly di àgbà láìtọ́jọ́. Irọ́ ìyá rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ṣe ń rẹ Kai, àbúrò rẹ̀ tó kéré jù, lẹ́kún níta yẹn, àṣírí ló ń bò. Kó ṣáà wọlé lọ pe "Mọ́ọ̀mù" lójú Dave, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé kámẹ́rà náà: ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e, ó ń mì, ó sún mọ́ ara àwọn ọmọ pẹ́kípẹ́kí. Bí ọkàn wa bá ti ń bá Zoë gbádùn nínú ilé, á tún gbé wa padà síta. Àwọn ọmọ ṣa ẹran tí ẹnìkan jù sílẹ̀ jẹ, ọbẹ̀ rẹ̀ kan ẹnu Kai, agbọ́n sì rákò wọ ẹnu ọmọ náà. (Agbọ́n kan náà ni Zoë ṣí fèrèsé fún nílé, tí kò pa á? Èmi ò mọ̀, ṣùgbọ́n Arnold fẹ́ ká rántí rẹ̀.) Kelly figbe ta. Igbe yẹn ló fa Zoë jáde láti inú mọ́tò Dave tí àwọn méjèèjì ti wá jókòó sí, irọ́ sì tú. Nígbà tí Kelly ò lè bò ó mọ́ ló ké bí ọmọdé.

Ọdún kan náà ni wọ́n yan Two Cars, One Night ti Taika Waititi fún Oscar. Iwájú ilé ọtí ni àwọn ọmọ tibẹ̀ náà jókòó sí, ní Te Kaha, Niu Silandi. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń fọ́nnu bí àgbà, ọmọbìnrin náà sì fún ọmọkùnrin ní òrùka. Eré ni wọ́n fi àgbà ṣe, torí kò sí ẹni tó ní kí wọ́n sẹ́ ara wọn.

Ẹnìkan bi mí bóyá Arnold ń dá Zoë lẹ́bi. Mo ní kó tún ìbẹ̀rẹ̀ wò. Obìnrin tó sáré jáde láìwọ bàtà lọ bá aládùúgbò jà nítorí ọmọ rẹ̀ ló tún sẹ́ àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kan náà. Arnold ò yọ ọ̀kan kúrò nínú méjèèjì.