Àdán Kì Í Fi Ẹnu Yàgbẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òbí wọn sọ nígbà ìsinmi, nínú gbọ̀ngàn kan nítòsí Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wá awò ojú mi kúrò. Mi ò yọ àwàdà ibẹ̀.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kí yín. Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹ wọlé wá jókòó, mi ò ní bi yín ní ìbéèrè. Àwọn ọmọ ni mo wá bi.

Ta ló mọ ibi tí àdán ń gbà yàgbẹ́?

(Gbogbo wọn lọ́ọ̀kan náà: "Ẹnu!")

Ẹ ò rí i? Ọmọ ọdún méje, kò tíì mọ àkàsórí ìlọ́po méje tán, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé àdán ń fi ẹnu yàgbẹ́. Ta ló kọ́ ọ? Àwa náà ni. Èmi gan-an tí mo padà fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, mo gbà á gbọ́ títí mo fi wọ girama.

Irọ́ ni. Àdán ní ihò ìdí bí ewúrẹ́ ṣe ní in. Òótọ́ ni pé àwọn àgbà rí nǹkan, wọn ò kàn wò ó dé òpin ni. Tí àdán bá já mángòrò, kì í gbé e mì kàlọ̀. Á bù ú sẹ́nu, á fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu, á fa omi rẹ̀ mu, á wá tu háhá rẹ̀ dànù. Ẹ lọ sábẹ́ igi mángòrò yín láàárọ̀ ọ̀la, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ò rí igi mángòrò. Ẹ ó bá háhá náà nílẹ̀, ó rí pẹ́lẹ́bẹ́, ó ti gbẹ, ojú eyín ṣì wà lára rẹ̀. Bí ìwọ náà ṣe ń jẹ ìrèké nìyẹn. Ṣé ẹnìkan wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó ní ìwọ náà ń... (Ẹ̀rín.) Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti yé wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbé kiri nìyí o, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò ní òmíràn: ẹranko tí a bá ti parọ́ mọ́, a ti pa á tán, òkú rẹ̀ ni ọdẹ ń lọ gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà fi báyọ́lọ́jì jẹun ní kí n yé sọ bẹ́ẹ̀, pé ìbọn ló ń pa ẹran, kì í ṣe ìtàn. Ó wà níbí lónìí. Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ọmọ tó ń fi rọ́bà ta àdán pé kí ló ṣe é. Kò ní sọ pé ebi ń pa òun. Á ní, "Ẹyẹ àjẹ́ ni." Kì í sì í ṣe ẹyẹ rárá! Ó ń bímọ, ó ń fún un lọ́mú. Nínú gbogbo ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú láyé, àdán àti ìbátan rẹ̀ nìkan ló ń fò ní tòótọ́.

Ẹ jẹ́ n bi yín ní òmíràn. Ta ló ń gbin ìrókò? ("Ọlọ́run!") Bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni Ọlọ́run wá rán níṣẹ́? Akọ igi wà nínú ìrókò, abo náà wà, abo ló ń so. Èso rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó dà bíi kòkòrò tútù tó so rọ̀ lórí ẹ̀ka. Kóró inú rẹ̀ kéré bíi kóró ata. Àdán á wá lóru, á jẹ ẹ́, kóró yẹn á bá omi rẹ̀ wọnú, òun náà á fò lọ, á wá yà á dànù níbòmíràn. Láti ìdí o! (Ẹ̀rín.) Àwọn onímọ̀ tẹ̀lé ìrìn àdán ní Gánà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé kóró kékeré lè bá àdán dé ibi tó jìn tó kìlómítà 75. Láti ibí dé Ìlọrin kò tó bẹ́ẹ̀. Ìrókò tí ẹ ń sá fún lọ́wọ́ alẹ́ nítorí olúwéré, àdán ló gbin ilé náà fún olúwéré. Òun kì í sì í ya fọ́tò. Mo ti lọ síbi ètò igi gbígbìn tí wọ́n ya fọ́tò ogún lórí igi mẹ́ta, kó tó di ọjọ́ kejì ewúrẹ́ ti jẹ méjì.

Ẹ mọ òwe tó ní àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Kí ló dé tí kì í já bọ́ tó bá ń sùn? Ìwọ, tó o bá rọ̀ mọ́ igi, apá á máa ro ọ́ kíákíá. Ti àdán, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń fa iṣan tó ti èékánná rẹ̀ pa mọ́ ẹ̀ka. Kò ná agbára kankan. Àfìgbà tó bá fẹ́ tú u ló tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti wọ ọgbà yunifásítì Ifẹ̀ nírọ̀lẹ́ á ti rí i bí wọ́n ṣe ń já ara wọn sílẹ̀ láti orí igi, tí ojú ọ̀run á dúdú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fara balẹ̀, mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu. Mi ò ní kí ọmọ gbé àdán seré. Ẹ má fọwọ́ kàn án, bóyá ó wà láàyè ni o, bóyá ó ti kú. Mángòrò tó bá ti ní ojú eyín lára, ẹ má gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ jẹ ìyókù. Ẹ jù ú nù. Ẹ jẹ́ kó jẹ tirẹ̀ lókè, kí ẹ jẹ tiyín nílẹ̀.

(Olùdarí ètò rán mi létí pé ẹranko márùn-ún ni mo ṣèlérí, ìdajì àkókò sì ti bá àdán lọ.)

Òkété, kíákíá. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí i: "Òkété, báyìí ni ìwà rẹ, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá." Ọ̀dàlẹ̀ ni lójú wa, tàbí kó jẹ́ ẹran ọbẹ̀. Ní Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ ìbátan òkété wa yìí níṣẹ́. Wọ́n ń gbóòórùn bọ́ǹbù tí àwọn ológun rì mọ́lẹ̀. Òkété fúyẹ́, kò lè tẹ̀ ẹ́ kó bú, tó bá ti gbóòórùn rẹ̀, á fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, àwọn èèyàn á wá hú u. Òkìkí ọ̀kan nínú wọn kàn gan-an, Magawa lorúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Cambodia ló ti ṣiṣẹ́. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ tó rí lé ní 70, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, kò sì tò lórí ìlà owó ìfẹ̀yìntì bíi tèmi. (Ẹ̀rín. Ìyá kan ní, "Àwa ti fi tiwa se ẹ̀fọ́.") Mo mọ̀, mà. Òórùn rẹ̀ ni mo gbọ́ wọlé.

(Ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sórí akika nìyí. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nawọ́ sókè. Ó ní: "Bàbá, bàbá mi àgbà sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Kí ló dé tí orí rẹ̀ wà lórí àtẹ lékùlẹ́jà?" Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ẹnìkan wúkọ́.)

Ọmọ yìí ti da ètò mi rú, ó sì ṣe dáadáa. Ẹ jẹ́ kí akika dúró ná.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n bá pa màlúù, igún á ti tò sórí páànù kí alápatà tó ṣí ìkùn ẹran. Lónìí, ẹ lọ wòkè ibẹ̀. Lékeléke lẹ ó rí. Igún tiwa, èyí tí orí rẹ̀ pá yẹn, lọ́dún 2015 ni wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó pa rẹ́ láyé. Ẹyin kan péré ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Orí pípá tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ìmọ́tótó ni. Ẹni tó ń ki orí bọ inú òkú ẹran, tó bá ní ìyẹ́ lórí, ẹ̀jẹ̀ á dì sí i. Omi inú ikùn rẹ̀ sì kan débi pé ó ń pa kòkòrò àrùn tó lè pa agbo màlúù. Ìbátan rẹ̀ kan ló fò kọjá ààlà: lọ́dún 1973, ó kọlu ọkọ̀ òfuurufú lójú ọ̀run Abidjan, níbi tó ga ju mítà 11,000 lọ.

Ní Íńdíà, òògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, tí àwa náà ń rà ní kẹ́mísì, ló pa igún wọn. Igún tó bá jẹ òkú màlúù tó ti lo òògùn náà, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òkú ẹran wá ń jẹrà nígboro, ajá pọ̀ sí i, àrùn dìgbòlugi náà pọ̀ sí i. Lọ́dún 2006 ni ìjọba wọn fòfin dè é fún màlúù.

Ọ̀rọ̀ àtẹ wá kù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí máa ní àṣà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu àwọn bàbá yín kan náà ló sọ pé a kì í pa á. Bóyá ẹ gbàgbé ìdajì yẹn ni. (Ìkùnsínú.) Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Kì í ṣe ìbọn, ọ̀gá, ẹ gbọ́ o. Wọ́n á da májèlé sínú òkú ẹran, wọ́n á gbé e sí gbangba. Kì í ṣe igún kan ló ń wá jẹun, agbo ni. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, ó lé ní 2,000 tó kú, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan nínú wọn lọ. Ẹni tó ra orí yẹn, tó lọ̀ ọ́ mọ́ àgúnmu, ṣé ó bi lékùlẹ́jà léèrè ohun tó pa igún náà?

Ọmọ mi, mi ò ní dáhùn sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó o bá délé, bi bàbá àgbà rẹ ní ìyókù, kí o wá sọ fún mi.

(Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù. Mo ka ìyókù ìwé mi bí ẹni tí òjò ń lé.)

Ọmọ ìgalà tí ẹ bá rí nínú koríko, kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ìyá rẹ̀ ló fi í pamọ́ síbẹ̀ kó lè lọ jẹko. Ẹ fi sílẹ̀. Alágẹmọ ò lè sá fún iná, ẹ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n má sun igbó torí òkété kan. Ìyá ẹyẹ tí ẹ bá fi rọ́bà ta nígbà òjò, ọmọ wà nínú ìtẹ́. Ọgbà ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé kò ní àgò, ẹ má lọ máa wá kìnnìún nínú àgò níbẹ̀: igbó tó tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó ni, ahoro ààfin àtijọ́ wà nínú rẹ̀, Ìṣokùn ní Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó wọn lọ.

Akika: ìpẹ́ rẹ̀ àti èékánná yín, ohun kan náà ni. Ẹni tó bá fi í ṣe òògùn, kó máa gé èékánná tirẹ̀ jẹ. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kò gbọ́dọ̀ sí òwò rẹ̀ láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, ìyẹn ló fi ń rọrùn láti gbé sínú àpò.

(Ọmọbìnrin kan níwájú: "Bàbá, ṣé ó máa ń géni jẹ?")

Kí ló fẹ́ fi gé ọ jẹ? Kò ní eyín kan.