Olófòófó Tó Ń Gbẹgbàá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó bá ti gbé agbo ilé rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di ti gbogbo ilé. Tọkọtaya á sọ gbólóhùn kan síra wọn ní yàrá lóru, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá àgbà tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ti gbọ́. Ògiri létí. Ṣùgbọ́n a mọ ẹni tó ni etí yẹn. Bó bá jẹ́ Ìyá Ṣadé ló gbé ọ̀rọ̀ wa dé Ọjà Igbó, a ó pè é síwájú baálé, ojú á tì í, á tọrọ àforíjì. Tó bá di ọdún mélòó kan, ọ̀rọ̀ á di ìgbàgbé. Kí ló tiẹ̀ rí gbà níbẹ̀? Olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbẹgbàá ní tiẹ̀. Owó ńlá ni.

Ẹ wò ó. Google àti Facebook kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa ká tó lò wọ́n. Àwọn tó ń polówó ọjà ló ń sanwó fún wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n ń polówó fún: ọmọ ọdún mélòó ni, ibo ló ń gbé, kí ló ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó bá jókòó sí Under-G, tó wo iye tí wọ́n ń ta laptop láàárọ̀, kó má yà á lẹ́nu bí ìpolówó laptop bá ń tẹ̀ lé e kiri títí dalẹ́. Cookie ló sábà máa ń fà á: ọ̀rọ̀ ṣókí tí ìkànnì kan fi pa mọ́ sínú fóònù yín, kó lè dá yín mọ̀ tí ẹ bá padà wá. Lou Montulli ló ṣe é ní 1994 nígbà tó wà ní ilé iṣẹ́ Netscape, kí ìkànnì lè máa rántí oníbàárà. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn onípolówó ló wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ èèyàn láti ìkànnì kan dé òmíràn.

Fọ́tò ńkọ́? Ẹ wo èyí: ìsọ̀ aláṣọ kan ní Tákìé, kò sí orúkọ, kò sí àdírẹ́sì. Mo fi ìka fà á sókè báyìí. Ẹ rí i? Ọjọ́ tí wọ́n yà á, wákàtí, irú fóònù, àti nọ́ńbà méjì, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8.1, èkejì pẹ̀lú 4.2. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú máàpù, iwájú ìsọ̀ náà ló máa gbé yín lọ. Bí kámẹ́rà bá ní àṣẹ láti lo location, ìyẹn ibi tí fóònù wà, ó ń kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, á yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ bíi document, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn áàpù tó ń yáni lówó. Ẹ fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun rí nọ́ńbà inú fóònù yín, ẹ tẹ "Allow". Ọjọ́ tí owó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí pásítọ̀ yín, wọ́n á kọ sí àna yín, pé olè ni yín. Àna yín ò sì yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni! Ẹ̀yin lẹ fa nọ́ńbà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ láìbi í. Láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2023, Google ti ní áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store kò gbọ́dọ̀ wo kọ́ńtáàkì tàbí fọ́tò mọ́. Èyí tí wọ́n fi línkì ránṣẹ́ sí yín ńkọ́? Òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ti ìjọba náà wà. Abala 37 ìwé òfin 1999 dáàbò bo ilé wa, lẹ́tà wa, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù, títí kan tẹlígíráàmù, bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí ìyẹn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí Nigeria Data Protection Act. Ẹ lè bi ilé iṣẹ́ kan pé kí ló ní lọ́wọ́ nípa yín, ẹ sì lè fẹjọ́ rẹ̀ sun Nigeria Data Protection Commission.

Ó yá, ẹ mú fóònù yín. Bó bá jẹ́ Android ni, ẹ wọ Settings, Privacy (tàbí Security & privacy), Permission manager, lẹ́yìn náà Contacts. Ẹ ka orúkọ àwọn áàpù tó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá bá áàpù tọ́ọ̀ṣì láàárín wọn, kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà àna yín ṣe nínú òkùnkùn? Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ yan "Don't allow".