Ṣé Ká Jẹ Agbára Tí A Ná Lórí Eré Ìdárayá Padà? Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn asáré Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ní orílẹ̀-èdè Benin, sọ

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sáré lọ sí ẹ̀bá òkè láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn rárá. Bí èèyàn bá rìn tàbí tó sáré, tí aago ọwọ́ rẹ̀ sì sọ pé ó ti ná kálórì 400, ṣé kó lọ jẹ kálórì 400 náà padà lórí oúnjẹ ọjọ́ yẹn, àbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fèsì kí n tó ṣàlàyé. Ẹni tó fẹ́ kí ara òun fúyẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ iye tí aago pè fún un. Ẹni tó ń fi ara ṣiṣẹ́ agbára lójoojúmọ́, tàbí tó ń múra ìdíje, gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ padà, nítorí ara rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà bí kò bá jẹ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ràn tó tọ́ sí ẹni kejì ni ẹni àkọ́kọ́ sábà máa ń tẹ̀ lé, tí ẹni kejì náà sì ń tẹ̀ lé ti ẹni àkọ́kọ́. Ìyá tó rin ìrìn wákàtí kan ń mu ẹlẹ́rìndòdò láti fi gba agbára padà. Ọmọbìnrin tó gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀sán di alẹ́ ń fi ebi sùn kó má baà sanra.

Kálórì tí à ń kà lára oúnjẹ ni ìwọ̀n ooru tó lè mú kílò omi kan gbóná sí i pẹ̀lú ìwọ̀n Celsius kan. Gíráàmù kan nínú ṣúgà, iṣu, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà tí omi ti kúrò nínú rẹ̀ ń fúnni ní nǹkan bíi kálórì 4. Gíráàmù òróró kan ń fúnni ní 9. Ara wa náà kì í dá ìnáwó dúró. Bí a tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, tí a ò gbé ìka, ọkàn ń lù, ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́. Lórí gbogbo ìyẹn, kílò ara kọ̀ọ̀kan ń ná tó kálórì kan ní wákàtí kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó wọn kílò 70. Ó rìn kánmọ́kánmọ́ fún wákàtí kan, ó rìn tó kìlómítà 5. Ká ní aago rẹ̀ sọ pé 400. Àwọn tó ti wọn irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí i pé ó ń ná ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ohun tí ara ń ná lórí ìjókòó. Fún ẹni kílò 70, èyí jẹ́ 245, kì í ṣe 400. Ṣùgbọ́n nínú 245 yìí, 70 ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbá jókòó sílé ni, ìbá ṣì ná 70 náà. Ohun tí ìrìn náà fi kún un gan-an kò ju 175 lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì yóò ní aago òun kì í purọ́. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi irú aago bẹ́ẹ̀ méje sí ọwọ́ ọgọ́ta èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n rìn, kí wọ́n sáré, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn èémí yẹ iye náà wò. Nínú kíka ìlù ọkàn, mẹ́fà nínú méje ló ṣe dáadáa. Àṣìṣe wọn kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú kíka kálórì, èyí tó dára jù lọ fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, èyí tó burú jù lọ sì fi ìdá 93 ṣìnà. Aago lè ka ìlù ọkàn yín. Kálórì, ńṣe ló ń méfò rẹ̀.

Ẹ wá gbé 175 yẹn lé abọ́ oúnjẹ. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù iṣu sísè sún mọ́ kálórì 120, iyán tí a gún láti ara rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ìrìn wákàtí kan tó gíráàmù 150 iyán nìyẹn. Ní ìlú tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ gidi bíi tiwa, ta ló máa ń dúró síbẹ̀? Ṣíbí ńlá epo pupa kan jẹ́ 120 fúnra rẹ̀. Agolo ẹlẹ́rìndòdò kan, ti 33 cl, ní nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 35 nínú, ìyẹn 140. Ẹni tó bá jẹ 400 padà lẹ́yìn ìrìn 175 ti fi 225 kún oúnjẹ rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ṣe eré ìdárayá.

Ìwádìí tó yí èrò mi padà jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ó wá láti Igbó-Ọrà àti Ìdèrè ní Ìbàràpá, ní Nàìjíríà lódìkejì ààlà, láàárín àwọn Yorùbá bíi tiwa. Àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti láti Chicago ló jọ ṣe é, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2008 àti 2009. Wọ́n mú àwọn obìnrin abúlé ní Ìbàràpá, wọ́n sì mú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, ní ẹ̀gbẹ́ Chicago. Wọ́n fún wọn ní omi kan mu, omi tí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ wúwo díẹ̀ ju ti omi lásán lọ, tí kò sì ń pani lára. Bí omi náà ṣe ń jáde nínú ìtọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń mọ iye agbára tí ara ná lápapọ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n ti ń lo ọ̀nà yìí fún èèyàn, kò sì sí èyí tó dájú jù ú lọ fún ẹni tí ń bá iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ lọ.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń retí ni pé obìnrin Ìbàràpá yóò ná agbára ju ti Maywood lọ fíìfíì, pé ìdí nìyẹn tí kò fi sanra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ṣírò ìtóbi ara kúrò nínú rẹ̀, agbára tí àwọn méjèèjì ń ná lórí ìṣiṣẹ́ kò yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà wọn wọ́n lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, iye tí obìnrin kan ń ná kò fi hàn bóyá yóò sanra sí i tàbí kò ní sanra. Ní 2012, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Herman Pontzer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó jọ ọ́ láàárín àwọn Hadza ní Tansáníà, tí wọ́n ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń wa iṣu inú igbó jẹ: pẹ̀lú gbogbo ìrìn wọn, iye tí wọ́n ń ná lójúmọ́ kò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù lọ bí a bá wo ìtóbi ara.

Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ni pé ara máa ń dín níhìn-ín láti fi kún tọ̀hún. Bí a bá sáré láàárọ̀, a máa ń jókòó pẹ́ sí i lọ́sàn-án láì fura. Inú ara náà ń dín àwọn iṣẹ́ kan kù. Ní 2021, ìwádìí kan tó kó àgbàlagbà 1,754 jọ rí i pé nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí a fi kún ìnáwó nípa ìṣiṣẹ́ ni ara máa ń gbà padà báyìí, tó bá di ọjọ́ pípẹ́. Ìpíndọ́gba ni, kò rí bákan náà lára gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi wọn 175 wa, ohun tó kù sún mọ́ 126. Láti 400 orí aago ni a ti ń bọ̀ o.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi èyí ṣe àwáwí láti jókòó sílé. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn nígbàkúùgbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìrìn ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń jẹ́ kí iṣan gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, ó ń jẹ́ kí oorun dára, ó ń jẹ́ kí àgbàlagbà lè dìde láìdi nǹkan mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Ẹ rìn nítorí ọkàn yín. Ẹ dín oúnjẹ kù nítorí ìwúwo. Iṣẹ́ méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn tó ń fi fóònù ka oúnjẹ máa ń ṣe. Fóònù máa ń béèrè bí ẹ ṣe ń ṣe eré ìdárayá sí kó tó sọ iye tí ẹ lè jẹ lóòjọ́. Ká mú obìnrin ẹni ogójì ọdún, kílò 70, tó ga ní 165 cm. Gẹ́gẹ́ bí ìṣírò Mifflin ti ọdún 1990, ara rẹ̀ ń ná nǹkan bíi 1,370 lórí ìsinmi. Bó bá yàn pé òun kì í ṣe nǹkan kan, fóònù yóò fi 1.2 sọ ọ́ di púpọ̀: 1,644. Bó bá yàn pé òun ń rìn díẹ̀díẹ̀, yóò fi 1.375 sọ ọ́ di púpọ̀: 1,884. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240 lójúmọ́, títí kan ọjọ́ tí kò rìn. Bó bá wá di ọjọ́ Àìkú tó rìn, tí aago tún fi 400 kún un, ó dà bí ìyá olójà tó kọ owó kan náà sínú ìwé nígbà tó gbà á, tó tún kọ ọ́ nígbà tó kà á lálẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ fún fóònù pé ẹ ń rìn, ẹ yọ aago kúrò nínú ìṣírò oúnjẹ. Ẹni tó fẹ́ máa ka ìrìn lọ́tọ̀ ni kó yan pé òun kì í ṣe nǹkan kan, kó sì ka ìdajì iye tí aago bá pè, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tó ń wá kí ìwúwo dínkù, òṣùwọ̀n ni kó gbàgbọ́ ju aago lọ. Kó gun un ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láì tíì jẹun. Bí ìdajì kílò bá ń lọ lọ́sẹ̀, ó dára. Bó bá ń lọ ju kílò kan lọ, tí àárẹ̀ sì ń mú un, kó fi oúnjẹ kún un. Ẹyin, ẹ̀wà tàbí wàrà ni kó kọ́kọ́ fi kún un, kó tó fi kún òkèlè.

Ó wá ku àwọn tí mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́ padà. Àwọn tó ń gé ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà níhìn-ín, àwọn tó ń kọ ebè iṣu láti ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀rọ̀ dídín oúnjẹ kù fún wọn. Ẹni tí ìwúwo rẹ̀ dúró lójú kan, tí agbára rẹ̀ sì pé, ti ń jẹ iye tó yẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ bá le sí i, kí oúnjẹ pọ̀ sí i.

Ìyá kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà béèrè bóyá òun náà lè rìn láì jẹun. Mo ní, “Ìyá, bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì lẹ ń lò, tàbí irú òògùn oníhóró tó ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ lójijì lójú ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín ṣáájú, kí ẹ sì máa fi hóró ṣúgà bíi mẹ́rin sápò.”

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni mo ti ń dúró dè. Ọmọbìnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní òun kò rí nǹkan oṣù òun mọ́ láti ìgbà tí ìdánrawò ti le. Mo ní kó jókòó tì mí ká jọ ṣírò rẹ̀. Kílò 52 ni. Bí a bá yọ ọ̀rá kúrò, ó kù bíi 42. Oúnjẹ rẹ̀ lóòjọ́ tó 1,800, ìdánrawò sì ń mú 700 nínú rẹ̀. Ó ku 1,100 fún gbogbo ara yòókù, ìyẹn 26 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí onímọ̀ kan, Anne Loucks, ṣe lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin fi hàn pé bó bá ti lọ sílẹ̀ ju 30 lọ, àwọn họ́mónù tó ń darí nǹkan oṣù àti egungun a bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. 45 ló tẹ́ ara lọ́rùn. Àjọ Òlíńpíìkì Àgbáyé ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti 2014, wọ́n sì sọ pé ó ń ṣe ọkùnrin náà: egungun a máa sán láì ṣubú, àìsàn kéékèèké kì í tán lára, eré kì í yára sí i mọ́ bó ti wù kí a dánra wò tó.

Mo sọ fún un pé kó lọ rí nọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ yẹn, nítorí oyún àti àwọn àìsàn mìíràn náà lè dá nǹkan oṣù dúró. Mo sì ní kó jẹ gbogbo 700 náà padà, kó tilẹ̀ lé díẹ̀: ẹ̀kọ àti àkàrà kó tó lọ sí pápá, ìrẹsì àti ẹ̀wà pẹ̀lú ẹja láàárín wákàtí kan tó bá dé, ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan kó tó sùn. Ó béèrè pé ṣé òun ò ní sanra. Mo ní kó mú ìyá rẹ̀ wá bá mi, nítorí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ìkòkò wà, èmi àti ìyá rẹ̀ la sì jọ máa sọ ọ́.